Ogún Ìṣísẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Ọdẹ Tòlótòló Àkọ́kọ́ Mi ní Missouri

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 29 oṣù kẹta

Aago mẹ́ta òru kò tíì lù tí a ti wà lójú títì. Láti ilé wa ní St. Louis dé ìlú Rolla lé díẹ̀ ní 100 máìlì lójú ọ̀nà I-44, a sì tún ní láti yà sí gúúsù kí a tó wọ Mark Twain National Forest, igbó ìjọba tó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ éékà. Bàbá Onírùngbọ̀n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi orúnkún méjèèjì di fúláàsì kọfí mú. Aládùúgbò wa ni wọ́n, òyìnbó ni wọ́n, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Èmi ni mo sọ wọ́n ní orúkọ yẹn. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, inú wọn dùn, wọ́n ní akọ tòlótòló igbó náà ní irùngbọ̀n: ìdì irun dúdú líle kan tó máa ń so rọ̀ láti àyà rẹ̀. Irùngbọ̀n yẹn ni òfin Missouri ń wò. Nígbà ìrúwé, akọ tàbí ẹyẹ tí irùngbọ̀n rẹ̀ hàn síta nìkan ni ọdẹ lè pa.

Etí la fẹ́ fi dọdẹ lónìí. Àkókò ọdẹ kò tíì ṣí. Ajé kẹta oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń ṣí i níbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì ń gbà. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ẹyẹ ń sùn kó tó di ọjọ́ yẹn, á kàn máa rìn kiri inú igbó ni.

Tòlótòló àgbàlá ni èmi mọ̀ kí n tó dé Amẹ́ríkà, èyí tó máa ń lé wa kiri nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn, kó tó la òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Ti igbó yàtọ̀ pátápátá. Ó fúyẹ́ ju ti àgbàlá lọ, ó ń fò, ó sì ń sáré bí ẹní ń bínú. Kì í sun ilẹ̀. Bí oòrùn bá ń wọ̀, á fò lọ sórí igi gíga, á sun ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, akọ á kọ́kọ́ ké láti orí igi kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn abo.

A dúró ní téńté òkè kan nínú òkùnkùn. Òtútù mú débi pé èémí wa ń rú bí èéfín. Òwìwí kan dún nísàlẹ̀ àfonífojì. Lójú ẹsẹ̀ ni nǹkan dáhùn: gólógólógóló! Irun ara mi dìde. Bàbá Onírùngbọ̀n nawọ́ sí ìlà-oòrùn, wọ́n gbé ìka kan sókè. Òmíràn ké lápá òsì, wọ́n gbé ìka kejì. Ìgbà tí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, ó ti di ìka mẹ́ta. Akọ tòlótòló kò lè pa ẹnu mọ́ ní àsìkò yìí. Òwìwí dún, ó dáhùn. Kannakánná ké, ó dáhùn. Àrá sán, ó dáhùn.

Mo ti fẹ́ yọ àpótí ìpè mi, èyí tó ń dún bí abo tòlótòló, láti dán wọn wò. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

“Bí o bá pè é lónìí, tó wá tí kò bá abo kankan níbẹ̀, ẹ̀kọ́ lo kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kó wá gan-an, kò ní wá.”

Mo dá àpótí padà sínú àpò.

Nígbà tí igbó ti dákẹ́, tó ti kọjá aago mẹ́sàn-án, a sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ilẹ̀. Ibí ló dùn mọ́ mi jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ ká lábẹ́ àwọn igi óákù, níbi tí wọ́n ti ń wá èso àti kòkòrò. Bàbá fi igi kékeré tọ́ka sí ìgbẹ́ ẹyẹ méjì: ti akọ gùn, ó sì tẹ̀ ní ìdí bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja, ti abo ká jọ bí ìkarahun ìgbín kékeré. Mo rí ìyẹ́ àyà kan tí etí rẹ̀ dúdú, ti akọ nìyẹn. Lójú ọ̀nà kan tí ọkọ̀ agégi ń gbà tẹ́lẹ̀, ipasẹ̀ ńlá wà nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ, ìlà tín-ín-rín sì wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń yan fún àwọn abo, tó ń fi ṣóńṣó ìyẹ́ apá wọ́ ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí. Bàbá àgbà mi, ọdẹ ni wọ́n, ìtàn ẹran tí wọ́n kà lórí ilẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ojú rí lọ. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí n kò ti kúnlẹ̀ wo ipasẹ̀ ẹran.

Àìkú, ọjọ́ 30

Eégbọn méje ni ìyàwó mi yọ lára mi. Ó ní bí mo bá tún ń lọ, kí n fi oògùn eégbọn fọ́n ara ṣòkòtò mi, kí n sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin

Òjò. Mo gba ilé ìtafà lọ lẹ́yìn iṣẹ́.

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ń bi mí pé kí ló dé tí n kò mú ìbọn. Ìbọn ni ọ̀pọ̀ ọdẹ tòlótòló ń lò, ó sì ń bá ẹyẹ láti 40 yáàdì. Ṣùgbọ́n ọrun kan wà lára ògiri yàrá bàbá àgbà mi ní Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú apó awọ tí kò ní ọfà kankan nínú mọ́. N kò rí i kí wọ́n ta á rí. Ṣakabùlà ni wọ́n ń gbé lọ sígbó nígbà tí mo gbọ́njú. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, nígbà mìíràn, wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á fi ìka gbá ọsán rẹ̀, á dún tín-ín, wọ́n á ní, “Eléyìí kì í pariwo.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Nígbà tí mo wá rí i pé ní Missouri èèyàn lè fi ọrun dọdẹ tòlótòló ìrúwé, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́.

Ọrun tèmi kì í ṣe igi. Irin ni, pẹ̀lú àgbá kéékèèké méjì lórí apá rẹ̀ tí ọsán ń gbà yí. 60 pọ́n-ùn ni mo ń fà, ṣùgbọ́n bí mo bá fà á dé òpin, àwọn àgbá náà á gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ìwọ̀n tó kù á wá jẹ́ bí 12 sí 15 pọ́n-ùn. Èèyàn lè fà á kó sì dúró dè. Bàbá àgbà kò ní irú àǹfààní yẹn.

Fífà gan-an ni ọ̀ràn wà. Tòlótòló kì í fi imú ṣọ́ ara rẹ̀ bí àgbọ̀nrín. Ojú ló fi ń ṣọ́ra. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì orí, ó ń rí àwọ̀, ó ń rí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá sì yí ọrùn díẹ̀, kò sí ibi tí kò rí. Ẹni tó mú ìbọn lè gbé e lé orúnkún kí ẹyẹ tó yọ. Èmi ní láti gbé ọwọ́, kí n fa ọsán, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, nígbà tí ẹyẹ ti wà níwájú mi. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó ń lo ọrun fi ń jókòó sínú àgọ́ ibùba, aṣọ ni wọ́n fi ṣe àgọ́ náà, inú rẹ̀ dúdú, fèrèsé rẹ̀ kékeré.

Lórí ìjókòó ni mo ti máa ta á, nítorí náà lórí ìjókòó ni mo ti kọ́ ọ lónìí. Ọfà àkọ́kọ́: apá ìsàlẹ̀ ọrun gbá ẹsẹ̀ àga, ọfà lọ kọ́ ara ògiri ọ̀tún. Mo dúró, ara mi gbọ̀n. Bó bá jẹ́ ẹyẹ ló wà níbẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ ni mi ò bá ta. Mo pààrọ̀ àga sí èyí tó kúrú, mo yí orúnkún òsì síta, mo ta ogójì ọfà kí wọ́n tó ti ilé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5

Òjò kò tíì dá, odò ti kún ní apá gúúsù, a kò lè lọ sígbó. Àwọn tó ni ilé ìtafà gbà kí n pa àgọ́ sínú ibẹ̀ ní àárọ̀ kùtù kí èrò tó dé.

Mo kọ́ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí mọ̀. Ojú wa ga ju ọfà lọ. Nígbà tí mo wo àmì láti inú fèrèsé àgọ́, mo rí i kedere, kò sí nǹkan kan tó dí i. Mo tú ọsán sílẹ̀. Ọfà gba ara aṣọ ìsàlẹ̀ fèrèsé kọjá, ó ya á, ó sì fẹ̀gbẹ́ lọ sílẹ̀. Ojú mi kọjá lókè etí fèrèsé, ọfà kò kọjá. Láti ìsinsìnyí lọ, kí n tó ta, mo ní láti wo ibi tí ọfà fúnra rẹ̀ máa gbà. Mo rán aṣọ náà pẹ̀lú òkùn dúdú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ láti ká àgọ́. Ará Bahia ní Brazil ni. Ó so ọrun irin kékeré kan mọ́ ọrùn, pẹ̀lú ọfà rẹ̀ tó dábùú. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Ó ní “ofá.” Mo ní kó tún un pè. Ofá, ti Oxóssi. Mo jókòó. Ọfà, ti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọdẹ Kétu! Ó sọ ìtàn kan fún mi tí ìyá-ìyá rẹ̀ sọ fún un: ẹyẹ burúkú kan bà lé orí ààfin ní Ifẹ̀, àwọn ọdẹ tó ní ogún ọfà, ogójì ọfà, àádọ́ta ọfà, gbogbo wọn ta á, wọn kò bá a. Ẹni tó ní ẹyọ ọfà kan ṣoṣo ló pa á. N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí nílé wa. Wọ́n gbé e la òkun kọjá nínú ìgbèkùn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, lónìí ọmọ wọn wá sọ ọ́ fún ọmọ Ìsẹ́yìn ní Missouri. N kì í ṣe ẹlẹ́sìn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, onígbàgbọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n mo dì mọ́ ọmọ náà kí n tó jáde.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12

Àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣí igbó fún ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn àti àgbàlagbà tó ń tẹ̀ lé wọn. Bàbá Onírùngbọ̀n ní kí a fi igbó sílẹ̀ fún wọn. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wọn, à ń kọ́ ìpè.

Oríṣi mẹ́ta ni mo ní. Àpótí igi pẹlẹbẹ kan wà tí ìdérí rẹ̀ ń ha etí rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì la fi ń kùn ún. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, ó yadi. Àwo kékeré pẹrẹsẹ kan tún wà tí a ń fi igi ha. Ẹ̀kẹta ni ìpè ẹnu, awẹ́ rọ́bà tín-ín-rín tí a fi ahọ́n tẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìpè ẹnu yìí ni ọdẹ tó ń lo ọrun nílò jù, torí pé ọwọ́ méjèèjì ti wà lára ọrun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bì díẹ̀ kó tó mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá ń ṣàlàyé ohùn abo fún mi pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń sọ ọ́ sílẹ̀. Ó kàn yé mi lójijì. Mí-dò ni! Kíọ̀, kíọ̀, kíọ̀: ohùn òkè tó já sí ohùn ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí onígángan bá fún awọ tó sì dẹ̀ ẹ́ kíá. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tí mo gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ohùn kan náà ni wọ́n ń gbé lọ. Etí wa ti mọ irú nǹkan yìí láti inú oyún. Mo fún un ní mí-dò márùn-ún. Bàbá bọ́ fìlà wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Wọ́n wá sọ ohun kan tí n kò mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tòlótòló tó kù ní gbogbo Missouri kò ju nǹkan bí 2,500 lọ. Wọ́n ti gé igbó tán, wọ́n ti yìnbọn láìsí òfin. Missouri Department of Conservation, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó igbó àti ẹranko, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n mú lára àwọn tó kù, wọ́n ń kó wọn lọ sí àgbègbè tí kò ti sí mọ́, wọ́n ń tú wọn sílẹ̀. Ọdún 1960 ni wọ́n tó tún lè ṣí ọdẹ ìrúwé. Bàbá ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ẹni tó bá gbọ́ igbe tòlótòló á lọ ròyìn rẹ̀ ní ilé oúnjẹ. Àwọn ọdẹ fúnra wọn ló san púpọ̀ nínú owó iṣẹ́ náà: láti ọdún 1937 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń yọ owó orí lára ìbọn àti ọta fún àbójútó ẹranko, ní àwọn ọdún 1970 wọ́n fi ọrun àti ọfà kún un, 11 nínú 100. Nígbà tí mo ra ọrun mi, mo san án láìmọ̀.

N kò lè gbọ́ ìyẹn kí n má ronú ilé. Igbó Ọ̀yọ́ Ilé di ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ẹran ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lóko tí bàbá àgbà mi ti ń pa ìgalà, òkété ni àwọn ọmọ ń lé báyìí. Ó dùn mí. Bí ẹyẹ 2,500 bá lè padà kún odidi ìpínlẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà wà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 15

Mo pe bàbá mi ní aago mẹ́ta ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

“Ẹ kú alẹ́ o, bàbá mi.”

“Káàsán. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?”

A kí ara wa tán. Mo sọ ibi tí mo ń lọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

“Ọrun?”

“Ọrun ni, bàbá.”

“Ìṣísẹ̀ mélòó?”

Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Mo ní ogún, n kò ní kọjá ogún. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní bàbá àwọn, ìyẹn bàbá àgbà mi, a máa fi ọrun ṣọ́ awó létí omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó ní ìbọn. Awó pọ̀ lójú, ọ̀kan á máa jẹ, òmíràn á máa ṣọ́nà. “Bàbá mi á jókòó títí eṣinṣin á fi bà lé wọn lójú. Wọn ò ní lé e.” Wọ́n tún ní, “Ẹran tí ọfà bá, tó lọ kú síbi tí o ò rí i, gbèsè ni. O máa san án.” Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17

Ní gbogbo ọjọ́ yìí orí ọfà tí kò ní abẹ ni mo ń ta. Lónìí mo fi olórí abẹ dán an wò, èyí tí abẹ rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ bó bá kan ẹran. Ó bọ́ síbi kan náà ní 20 yáàdì. Ọkàn mi balẹ̀.

Ibi tí a ó ta sí ló gba gbogbo alẹ́. Tòlótòló tó fẹ ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ dà bí òkìtì ńlá, ìyẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ju ọsàn kan lọ. Bó bá fẹ̀gbẹ́ sí mi, oríkèé apá ni mo ní láti wò. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí mi, ìdí ìrù gan-an. Bó bá kọjú sí mi, òkè ibi tí irùngbọ̀n ti jáde díẹ̀. Mo lẹ bébà kékeré mọ́ ara ère tòlótòló kan tí wọ́n fi fóòmù ṣe, mo ń yí i sí ibi gbogbo, ọmọ mi ọkùnrin ń sọ pé “ẹ̀gbẹ́!” “ẹ̀yìn!” kí n tó fà.

Bàbá Onírùngbọ̀n wá yẹ ẹrù mi wò. Ìwé àṣẹ wà. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọdẹ wà, torí pé ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1967 síwájú gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Aṣọ dúdú wà fún inú àgọ́, aṣọ aláwọ̀ igbó fún ìta, ìbòjú, ìbọ̀wọ́, aṣọ olómi-ọsàn tí a ó wọ̀ bí a bá ń rìn padà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ni mo wọ̀.

“Bọ́ ọ.”

Orí akọ tòlótòló pupa, ó funfun, ó sì ní àwọ̀ búlúù. Bí ọdẹ mìíràn bá rí ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́ta yìí tó ń mì láàárín ewé, ó lè rò pé ẹyẹ ni. Ìbọ̀sẹ̀ funfun lára ẹni tó jókòó lè pa á. Bàbá sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ti rí i rí, n kò sì bi wọ́n. Wọ́n tún ní bí a bá gbọ́ igbe ẹyẹ, a kò gbọ́dọ̀ yọ́ lọ bá a. Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wa lè jẹ́ ẹni tó ń ké bẹ́ẹ̀.

Àìkú Àjíǹde, ọjọ́ 20

Ìsìn, ìrẹsì, adìẹ, àwọn ọmọ nínú aṣọ tuntun. Aago méjì ọ̀sán a gbéra.

A dé orí òkè wa kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá fi ẹnu ṣe bí òwìwí. Igbó dákẹ́. Wọ́n tún un ṣe. Gólógólógóló, láti inú àwọn igi páínì lẹ́bàá odò kékeré! Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. A ti mọ ibi tó sùn. A padà sínú ọkọ̀ láìtan iná. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó ń lu òrùlé ọkọ̀ bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́. Àrá sán, ó sì dáhùn láti inú òkùnkùn lọ́hùn-ún. N kò sùn.

Ajé, ọjọ́ 21

3:15 la jí. Òjò ti di wínníwínní. A pa àgọ́ sí etí pápá kékeré kan tí ọ̀nà agégi náà já sí, torí Bàbá ní lẹ́yìn òjò tòlótòló máa ń jáde wá sí gbangba. Igbó tí omi ń kán nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ń bọ̀. A gbé tòlótòló rọ́bà méjì síta ní ìṣísẹ̀ méje: abo kan, àti ọ̀dọ́ akọ kan tí a kọ ojú rẹ̀ sí wa. Mo rò pé àṣìṣe ni. Bàbá ní rárá: àgbà akọ fẹ́ràn láti wo ọ̀dọ́ akọ lójú kó tó bá a jà. Bó bá wá dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọ sí wa, ìrù rẹ̀ tó fẹ̀ ló sì máa bo ojú ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí n fà.

Oòrùn máa yọ ní nǹkan bí 6:24, ìdajì wákàtí ṣáájú ìyẹn ni òfin sì ṣí. Ó ti ń ké kí ó tó di ìgbà náà. Àpótí ìpè ti rin, kò dún mọ́. Mo fi ìpè ẹnu ṣe mí-dò mẹ́ta. Ó dáhùn! Ó tún dáhùn. Ó wá fò sílẹ̀ sí òdìkejì odò pẹ̀lú àwọn abo gidi, igbe rẹ̀ ń jìnnà, ó ń jìnnà, ó parẹ́.

Bí ọdẹ bá ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Wákàtí mẹ́ta la jókòó nínú tútù láìsọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi kú. Eṣinṣin kan kò bà lé mi, ṣùgbọ́n omi ń kán sí orúnkún mi láti ibi tí mo rán, n kò sì gbé ọwọ́.

9:40. Kò ké, kò dún. Mo ṣá wo apá ọ̀tún, ó sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ dúdú lókèèrè, bó ṣe ń súnmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ bà á, ó di idẹ, ó di ewé, ó di wúrà. Orí rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, iwájú orí funfun. Ó wú, ó fẹ ìrù, ohùn kan tó dà bí ìlù abẹ́ ilẹ̀ jáde láti àyà rẹ̀. Abo méjì ń tẹ̀ lé e. Ó rìn yí ọ̀dọ́ akọ rọ́bà náà ká, ó dúró níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Abẹ̀bẹ̀ ìrù bo orí rẹ̀. Mo fà.

Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Mo rí ìdí ìrù. Mo rí etí fèrèsé, ọfà máa kọjá. Mo rí abo kan tó rìn wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, lórí ìlà kan náà, ó ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀.

Ọfà tó bá wọ akọ ní ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án á jáde lódìkejì. Mo dúró. Abo náà kò kúrò. Apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ní èjìká ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá Onírùngbọ̀n kò mí. Mo ka ogójì lọ́kàn mi. Akọ náà sọ ìrù rẹ̀ kalẹ̀, ó na ọrùn, ó yí ojú sí àgọ́. Mo rọra dá ọsán padà síwájú. Ó rí i. Igbe kan péré, pẹ́tẹ́! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ inú igi.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n kò mú un kúrò.

A dúró títí di aago kan ọ̀sán tí òfin ní kí ọdẹ ṣíwọ́ lórí ilẹ̀ ìjọba. Mo jáde lọ wo ilẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ tuntun, ìlà tín-ín-rín méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n yí ẹyẹ rọ́bà náà ká bí òrùka. Mo nu ọfà, mo fi í sínú apó.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé nígbà tí a súnmọ́ Rolla. Bàbá mi gbé fóònù kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

“Ṣé o pa á?”

“Rárá, bàbá mi. Abo wà lẹ́yìn rẹ̀.”

Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga, tí wọ́n jókòó.

“Aago mélòó lo máa jí lọ́la?”

“Mẹ́ta, bàbá.”